Ìdárò Ọ̀gágun Lẹ́nu Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Kókó Ọ̀rọ̀ àti Ọnà Orin Nínú Àwo Àkọ́kọ́ Sàláwà Àbẹ̀ní

Ní ọdún 1976, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1961, Sàláwà Àbẹ̀ní, ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ Leader Records, orúkọ olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn pa ni wọ́n sì fi sọ àwo náà: Late General Murtala Ramat Mohammed. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin Nàìjíríà sọ pé òun ni àwo wákà àkọ́kọ́ láti ẹnu obìnrin tí iye tí wọ́n tà nínú rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan. Títà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí, ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ jù ú lọ ni bí ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 15 lọ ṣe ru ọ̀fọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, tí àwọn tó ju ìyá rẹ̀ lọ sì fi owó wọn ra ohun tó sọ. Ìdí abájọ rẹ̀ wà nínú irú orin tó kọ. Kí wọ́n tó bí Sàláwà ni wákà ti jẹ́ ohùn àwọn ìyá nínú ayọ̀ àti nínú ìbànújẹ́, ìlànà rẹ̀ sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ìdárò, ìwúre, oríkì àti ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, ì báà jẹ́ ọmọdé, kì í dá sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ nìkan.

Wákà jẹ́ orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀, ó sì ti wà ṣáájú jùjú àti fújì. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ní wéré, èyí tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáànì, tí fújì sì ti inú rẹ̀ yọ lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ní wákà, tí wọ́n ń kọ níbi ìsọmọlórúkọ, ibi ìgbéyàwó, ibi wòlímọ̀, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ka Kùránì parí, àti nígbà tí wọ́n bá lọ pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ rárá: àtẹ́wọ́ àti sélí, ìyẹn àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so òrùka wẹ́wẹ́ mọ́ létí, tó ń dún ṣaworo bí wọ́n bá ti ń pa á, ni wọ́n fi ń gbe ohùn lẹ́sẹ̀. Bàtílì Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló gbé orin náà kúrò ní agboolé lọ sí ojú agbo ńlá àti sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tó fi hàn pé obìnrin lè fi wákà ṣe iṣẹ́ jẹun, kí orúkọ rẹ̀ sì kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Láìsí ọ̀nà tí Bàtílì là yìí, kò dájú pé ilé iṣẹ́ kankan ìbá náwó lórí ọmọdébìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń ṣàjèjì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní òpin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ìjòyè àti ọmọ ogun rẹ̀ fi ṣe ibùjókòó, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àdéhùn ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ọba náà padà sí Èkó ní 1862, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọn kò sì bá a padà mọ́. Àtọmọdọ́mọ wọn ni à ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí di òní, àwọn náà ló ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀ lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ń sọ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú. Nínú ìlú tí ohùn kéwú àti ohùn Ìjẹ̀bú ti ń pàdé báyìí, ọmọ tó bá ní etí yóò kọ́ orin láì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin. Ìkòròdú, tó wà ní etí ọ̀sà kan náà, tí ẹ̀ka èdè rẹ̀ sì bá ti Ìjẹ̀bú tan, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ di méjì lára ẹ̀ka márùn-ún tó para pọ̀ di ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ní ti orin, ní ti ìnáwó, ní ti ohun tí wọ́n ń jẹ níbi ìnáwó pàápàá, ìbátan wọn pẹ̀lú Ìjẹ̀bú kò já. Sàláwà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú láti agbègbè etí omi tí wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀bú Waterside.

Ọ̀rọ̀ agbègbè yìí kan ọkùnrin tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe àwo náà ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975 ni Murtala Mohammed, ọmọ Kánò, gba ìjọba lẹ́yìn tí àwọn ológun yọ Yakubu Gowon. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, ó kéde pé ìpínlẹ̀ yóò di 19 dípò 12, pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, àti pé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yóò pín sí Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. Láti ọjọ́ náà ni Ìjẹ̀bú Waterside ti bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú sì dúró sí Èkó, ìyẹn ni pé ààlà tó ti gba àárín ìlú tí wọ́n bí olórin náà sí àti ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ kọjá láti 1967 wá di ààlà Èkó àti Ògùn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìkéde yìí, ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun tí Buka Suka Dimka darí rọ̀jò ìbọn lé ọkọ̀ rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ìkòyí bó ti ń lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Dodan Barracks. Ẹni ọdún 37 ni. Ọmọ ogun tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, Akíntúndé Akinsehinwa, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, bá a kú. Ọkọ̀ Mercedes náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, ojú ọta ìbọn sì wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá ti Ìkòròdú wọ Èkó lè lọ fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ìjọba rẹ̀ kò pé oṣù méje, síbẹ̀ ikú náà dun àwọn ènìyàn gan-an, pàápàá nítorí pé olórí tí kò fi ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ká ara rẹ̀ ni wọ́n pa, láàárín ọkọ̀ àwọn ará ìlú. Ti àwọn Mùsùlùmí tún ní ohun mìíràn nínú, nítorí pé ẹlẹ́sìn wọn ló kú, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí wọ́n kà sí ọjọ́ rere láti lọ ló sì kú. Ìdárò rẹ̀ nínú wákà nígbà náà kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé wá láti òde, nítorí orin tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń kọ ni ó yẹ kó sọ ọ́.

Ọ̀nà tí wákà ń gbà dárò sì yẹ ní àgbéyẹ̀wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n orin náà wà. Yorùbá ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọkún òkú: àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n ń sun fún ọdẹ tó bá lọ, àwọn obìnrin ilé sì ní ẹkún tí wọ́n fi ń ka oríkì òkú kí wọ́n tó gbé e sin. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní tirẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe ké kíkankíkan lórí òkú, kí wọ́n má ṣe lu ara wọn, kí wọ́n má ṣe fa aṣọ ya, nítorí pé ti Ọlọ́run ni ẹ̀dá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni yóò sì padà sí. Oníwákà dúró sí àárín àṣà méjì yìí. Kò lè bú sẹ́kún, kò sì lè dákẹ́, nítorí náà ó sọ ẹkún di ìwúre: yóò gba ikú gẹ́gẹ́ bí àṣẹ Ọlọ́run, yóò ki òkú ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, yóò tọrọ àlùjánńà fún un, yóò kí àwọn tó fi sílẹ̀ sáyé kú ara fẹ́ra kù, yóò wá yí ojú sí àwọn alààyè pé kí wọ́n fi ayé ṣe rere. Ẹni tó bá ń wá àlàyé òṣèlú nínú irú orin yìí yóò ṣòfò. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò ní ìdájọ́ nínú, nítorí pé nígbà tí olórin bá pe ẹni tí wọ́n pa ní ènìyàn rere ní gbangba, ó ti dá ẹjọ́ àwọn tó pa á láì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fi ojú yẹpẹrẹ wo orin ìnáwó kì í rò. Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan oníwákà, oní-àpàlà àti onífújì ni pé ẹni tó bá lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí ni wọ́n ń kì. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n òkú kì í náwó fún olórin. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù mọ̀ dájú pé àwọn ènìyàn yóò ra àwo tó bá ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, èyí kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń kì nínú rẹ̀ kò lè san nǹkan kan padà, ará Kánò sì ni, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú kan tó pe ẹgbẹ́ olórin sí òde. Pé oríkì kúrò ní ojúde oníbàárà báyìí, tó di ohun tí gbogbo ìlú jọ ni, jẹ́ ìgbésẹ̀ pàtàkì nínú ìtàn wákà.

Ní ti ọnà orin fúnra rẹ̀, lílé àti gbígbè ni ìpìlẹ̀. Olórí olórin ni yóò lé e, àwọn elégbè yóò gbè é, wọn kì í sì í sábà dúró kó parí kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á ti gba ìparí gbólóhùn náà mọ́ ọn lẹ́nu, tí ohùn kan yóò fi hun mọ́ ohùn èkejì. Kí ìlù tó wọlé rárá, oníwákà lè dá nìkan dúró, kó fa ohùn jẹ́jẹ́, kó máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka kéwú, kó fi orúkọ Ọlọ́run ṣáájú kó tó dárúkọ ènìyàn kankan. Èdè Yorùbá kò gbà kó fa ohùn bó ṣe wù ú, nítorí pé bí àmì ohùn ọ̀rọ̀ bá lọ sókè tí orin sì lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ lè yí padà. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá darí sí ni orin ń tọ̀ lọ, ọgbọ́n olórin sì wà nínú bó ṣe lè rí ẹwà láàárín ààyè kékeré tí ọ̀rọ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ohùn Sàláwà ga, ó sì mú, ó lè la àárín ìlù kọjá láì di ariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń yé ni ketekete.

Bí ìlù bá wọlé tán, agogo ló ń pa àkókò mọ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń kún un, àkúbà, ìyẹn ìlù gbọọrọ tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, ń gbé ẹsẹ̀ ijó, gángan sì ń sọ̀rọ̀. Onígángan fi ìlù há abíyá, ó ń fún àwọn ọṣán tó so awọ ìhín mọ́ awọ ọ̀hún. Bó bá fún un mọ́ra, awọ yóò le, ohùn yóò sì lọ sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tún gbólóhùn olórin sọ láì lanu. Nínú orin ìdárò, iṣẹ́ onígángan yìí wúwo, nítorí pé oríkì tí obìnrin fi ẹnu kì ni ọkùnrin ń fi ọ̀pá ìlù kì lẹ́yìn rẹ̀. Wákà ìgbà náà kò ní gìtá bíi ti jùjú, kò sì nílò rẹ̀. Ìlù ibẹ̀ kì í sì í sáré, bẹ́ẹ̀ ni kì í falẹ̀ jù. Ìwọ̀n ìrìn obìnrin tó wọ aṣọ òkè tó ń jó bọ̀ wá síwájú agbo ni, ènìyàn lè jó o, ó sì lè jókòó kó máa ronú sí i.

Bí wọ́n ṣe ń to orin sínú àwo náà ní ìtumọ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ìgbà náà ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Dípò kí àwọn oníwákà gé e sí orin kéékèèké, wọ́n sábà máa ń so orin kan mọ́ òmíràn láì dánu dúró, tí ìlù yóò kàn fi àmì hàn pé ọ̀rọ̀ ti yí, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi ìnáwó gan-an. Fún ìdárò, èyí ṣàǹfààní púpọ̀, nítorí pé ìbànújẹ́, ìwúre àti ìkìlọ̀ ń wọnú ara wọn láì sí ààlà, ẹni tó ń gbọ́ yóò sì ti bá ìdárò dé orí ìmọ̀ràn kó tó mọ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ràn orin Kòríà Gúúsù, àfiwé kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ọmọbìnrin ará Kòríà kan tó ń jẹ́ BoA gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, ID; Peace B, jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ SM Entertainment nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà ti fi nǹkan bí ọdún méjì kọ́ ọ ní orin àti ijó. Orin inú rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn akọrinsílẹ̀ tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú ló kọ wọ́n fún un, ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀, orin tó fún àwo náà ní orúkọ sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ ayé íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọdébìnrin méjèèjì di olókìkí láti kékeré, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì gbé àwọn méjèèjì jáde. Àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni BoA ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni wákà fi sí ọmọ Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu, gbogbo ilé ló sì ń bá sọ ọ́. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ̀ ni pé ní etí ọ̀sà tiwọn níhìn-ín, ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú BoA, ọmọdébìnrin kan ti ṣe àwo tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́.

Ọ̀nà tí àwo 1976 là sílẹ̀ ni Sàláwà ń tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún kan náà ló tún ṣe Ìbà Ọmọdé Ìbà Àgbà, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjúbà tí ọmọdé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Ní 1977, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ó ṣe àwo tó ń jẹ́ Shooting Stars. Ó ṣe Ìròyìn Mẹ́kà ní 1980, nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, sì kú ní 1983, òun náà tún ni ó ṣe àwo ìdágbére fún un. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn àti iṣẹ́ ẹni tó ń dárò ló ń ṣe pọ̀. Ọnà orin rẹ̀ kò sì dúró sójú kan: ó ṣe Indian Waka ní 1984, ní àkókò tí sinimá Íńdíà gba gbogbo ìlú, ó sì bọ́ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ onífújì Kollington Àyìnlá ní 1986. Ní 1992 ni Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, àwo àkọ́kọ́ ṣì ni òpó, nítorí pé òun ló fi hàn pé wákà lè kúrò ní ọ̀rọ̀ agboolé kó di ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè láì pa ohùn ìbílẹ̀ rẹ̀ dà.

Ewu tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù máa ń há, ó máa ń tẹ̀, ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbé orúkọ àwọn onílù àti elégbè máa ń jẹrà lọ́wọ́ ọ̀rinrin etí ọ̀sà, bí ìyẹn bá sì ti lọ, a kò ní mọ àwọn obìnrin tó gbe orin náà mọ́. Ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀ka Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú sì ní fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ náà. Kò sí ìdí tí irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò fi lè ní yàrá kan tí wọ́n ti ń kó àwo wákà jọ, kí wọ́n dà á sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá tó mọ orin wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ tán. Ẹ̀yin tí àwo tàbí kásẹ́ẹ̀tì wákà ṣì wà nínú àpótí àwọn òbí yín, ẹ má ṣe kó o dànù nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ ilé mọ́. Ẹ nù ún, ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ.